Ẹ Bi Wá: Ọmọ Àkùràkudà Nínú Agbọ̀n Ẹja

Nínú ìtẹ̀jáde wa tó kọjá, a kọ ìpínrọ̀ méjì péré nípa àwọn ará etíkun tí wọ́n ń jí igbó mángúrófù, igi tó ń hù nínú ẹrẹ̀ etí omi oníyọ̀, dìde kí ọmọ ẹja àkùràkudà lè rí ibi dàgbà sí. A kò retí pé ìpínrọ̀ méjì náà yóò fa lẹ́tà, nítorí pé Abẹ́òkúta kò sí létí òkun. Abẹ́ àpáta ni àwọn baba wa sá sí, kì í ṣe etí omi. Ṣùgbọ́n lẹ́tà wọlé láti Láfẹ́nwá, láti Ìtòkú, láti Ìbarà àti láti Ọbántokò, àwọn kan nínú wọn sì jinlẹ̀ ju ohun tí a kọ lọ. Ẹnì kan tilẹ̀ bi wá bóyá ṣàkì inú ẹran ni a ń sọ. Rárá o, ẹja ni, ẹja eléyín mímú inú òkun tí òyìnbó ń pè ní shark. A mú lẹ́tà mẹ́fà jáde, a gé wọn kúrú, a sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò.

Ẹja ni mo ń tà ní Láfẹ́nwá, ọdún kejìlélógún rèé. Nínú ọjà tí a ń kó wá láti Èkó, a máa ń rí àkùràkudà kéékèèké tí kò gùn ju láti ìgúnpá ènìyàn dé orí ìka lọ. Àwọn kan ní bí irú rẹ̀ ṣe mọ nìyẹn, àwọn mìíràn ní ọmọ ni. Báwo ni mo ṣe lè dá a mọ̀?

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o, ẹ kú ìnáwó. Ìbéèrè yín ni a fi ṣíwájú nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ wà lára ẹja náà fúnra rẹ̀, kò sì gba ju ìṣẹ́jú kan lọ láti wò ó. Ẹ yí ẹja náà padà kí ikùn rẹ̀ wòkè. Ẹ wo àárín lẹbẹ méjì tó wà lẹ́yìn ibi tí ó fi ń mí, ní ibi tí a bá pè ní àyà bí ó bá jẹ́ ènìyàn. Bí ẹ bá rí ojú ọgbẹ́ tóóró kan níbẹ̀, tó là díẹ̀ bí ẹni fi orí ọ̀bẹ kàn án, ìdodo ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àkùràkudà tó ń sún mọ́ etíkun kì í yé ẹyin. Oyún ni wọ́n ń ní, ọmọ inú wọn sì ń jẹun láti ara ìyá rẹ̀ nípasẹ̀ ìwọ́, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ènìyàn ti ń ṣe. Bí wọ́n bá ti bí i, ìwọ́ yóò já, ojú rẹ̀ yóò sì jinná láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí yóò fi ku ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú lè máà tètè rí. Nítorí náà, ẹja tí ìdodo rẹ̀ ṣì là kò tíì pé oṣù méjì láyé.

Mo lọ sí Láfẹ́nwá fúnra mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan lẹ́yìn tí lẹ́tà yín dé. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta ẹja níbẹ̀ gbà mí láyè láti tú agbọ̀n rẹ̀ wò. Èyí tí mo kọ́kọ́ gbé, awọ rẹ̀ le bí ìwé tí káfíńtà fi ń họ pákó tí mo bá fi ọwọ́ pa á láti ìrù sí orí, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀ bọ̀rọ́ tí mo bá pa á láti orí sí ìrù. Orí rẹ̀ fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí òòlù, ojú kọ̀ọ̀kan sì wà ní òpin orí náà. Ìdodo rẹ̀ ṣì là, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì ti gbẹ sí etí rẹ̀. Ìyá tó ni ọjà náà wò ó títí, ó ní, “Háà, ọmọ tuntun ni.” Kò sọ̀rọ̀ mìíràn, ó sì dá a padà sínú agbọ̀n.

Irú àkùràkudà olórí òòlù tí àwọn apẹja wa sábà máa ń kó kì í ju bí àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà lọ nígbà tí wọ́n bá bí i, bẹ́ẹ̀ ni abo rẹ̀ tó ti dàgbà tó bímọ ń gùn ju mítà méjì lọ. Àwọn tó ń sọ pé bí irú rẹ̀ ṣe mọ nìyẹn kò ṣàìní ìdí, nítorí àkùràkudà kan wà tí kò tóbi púpọ̀, èyí tí àwọn òyìnbó fi wàrà sọ lórúkọ. Síbẹ̀, àgbà tirẹ̀ náà ní etíkun wa lè gùn tó mítà kan. Èyí tó mọ láti ìgúnpá dé orí ìka nínú irú méjèèjì kì í ṣe àgbà.

Ẹ kò bèèrè bóyá kí ẹ má tà á mọ́, èmi náà kò sì ní sọ pé kí ẹ kó ọjà tí ẹ ti sanwó rẹ̀ dànù. Nígbà tí ẹja bá fi máa dé Láfẹ́nwá, ó ti kú tipẹ́. Ohun tí ó lè ṣàǹfààní ni pé kí ẹ máa bi ẹni tí ẹ ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ nípa ibi tí wọ́n ti ta àwọ̀n: ṣé ojú òkun ni, àbí inú ọ̀sà níbi tí omi kò ti jìn? Bí ó bá jẹ́ ibì kan náà ni wọ́n ti ń kó ọmọ tuntun wọ̀nyí lọ́dọọdún, ẹ ti rí ohun tí àwọn onímọ̀ ń fi ọdún púpọ̀ wá.

Olùkọ́ ni mo jẹ́ ní Ìbarà. Kí ló kan igi kan ẹja tó ń gbé inú òkun? Ṣé gbogbo àkùràkudà ló nílò mángúrófù?

Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè kejì ṣáájú, nítorí pé ibẹ̀ ni àsọdùn pọ̀ sí. Kì í ṣe gbogbo wọn. Irú àkùràkudà tó wà láyé lé ní 500, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú mángúrófù láti ìgbà ìbí títí dé ọjọ́ ikú. Àwọn kan ń bímọ sí ojú agbami, àwọn kan sí etíkun oníyanrìn. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wa kàn ni ìwọ̀nba irú tó ń bímọ sí ibi tí omi kò jìn, ní ẹnu odò àti inú ọ̀sà.

Mángúrófù pàápàá kì í ṣe orúkọ igi kan ṣoṣo. Oríṣi igi tí kò bá ara wọn tan ni, àmọ́ tí gbogbo wọn mọ bí a ṣe ń gbé inú ẹrẹ̀ tí omi oníyọ̀ ń bò tó sì ń fà kúrò lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ní etíkun wa, méjì ni ojú kọ́kọ́ ń rí. Èkíní ni èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ yọ láti ara igi lókè tó wá tẹ̀ wọ inú ẹrẹ̀, tí igi náà fi dúró bí alákàn tó fẹ́ rìn. Èkejì ni èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ń yọrí sókè láti inú ilẹ̀ bí ẹgbẹ̀rún pẹ́ńsùlù, nítorí pé ẹrẹ̀ náà kò ní afẹ́fẹ́, ojú ilẹ̀ sì ni igi náà ti ń mí. Bí ẹ bá fi ahọ́n kan ewé èkejì yìí, ẹ ó tọ́ iyọ̀ wò, torí ara ewé ni ó ń gbà da iyọ̀ omi nù.

Nígbà tí omi òkun bá kún wọlé, gbòǹgbò wọ̀nyí yóò di ọgbà lábẹ́ omi. Edé, alákàn àti ọmọ ẹja á kó síbẹ̀, ọmọ àkùràkudà á sì tẹ̀lé wọn, fún oúnjẹ àti fún ààbò. Ààbò lọ́wọ́ ta ni? Lọ́wọ́ àkùràkudà àgbà ni, nítorí àgbà inú wọn kì í bojú wo ẹbí kó tó jẹ ọmọ ọlọ́mọ. Àgbà náà kò lè wọ ibi tí omi kò ti bo ẹ̀yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gba àárín gbòǹgbò kọjá.

Ibi tí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ yìí jù lọ ni Bimini, erékùṣù kékeré kan ní orílẹ̀-èdè Bàhámà, níbi tí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Samuel Gruber ti dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ ní 1990. Àkùràkudà lẹ́mọ́ọ̀nù, tí awọ rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀, ni wọ́n ń ṣọ́ níbẹ̀. Irú yìí kan náà wà ní etíkun Sẹ̀nẹ̀gà. Ọmọ rẹ̀ ń lo ọdún méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nítòsí igbó mángúrófù tí wọ́n bí i sí, kò sì ń jìnnà síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ìsàlẹ̀ ọ̀sà Bimini láti kọ́ ibùdó ìgbafẹ́, iye ọmọ tó ń yè di ọdún kan dínkù.

Ní 2007, onímọ̀ nípa àkùràkudà, Michelle Heupel, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ òṣùwọ̀n kan sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà máa pe gbogbo ibi tó bá ti rí ọmọ àkùràkudà kan ní ilé ìtọ́mọ. Ọmọ àkùràkudà gbọ́dọ̀ pọ̀ níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ máa pẹ́ níbẹ̀ tàbí máa padà síbẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa lo ibẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Mo fẹ́ràn òṣùwọ̀n yìí gan-an, nítorí pé apẹja tó ti pẹ́ lórí omi kan náà lè dáhùn ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láì mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà.

Aláró ni mí ní Ìtòkú. Ọmọ mi tó wà ní ilé ìwé gíga ní omi aró tí a ń dà sí gọ́tà ló ń lọ pa mángúrófù ní Èkó. Ṣé òótọ́ ni?

Ìyá wa, ọmọ yín mú ọ̀nà dáadáa, àmọ́ ó sáré jù lójú ọ̀nà náà. Òótọ́ ni pé odò wa ń lọ sọ́dọ̀ mángúrófù. Omi tó bá wọ odò Sókorí yóò wọ odò Ògùn, odò Ògùn yóò sì ṣàn títí yóò fi wọ ọ̀sà Èkó nítòsí Ìkòròdù. Nígbà òjò, odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn máa ń lágbára débi pé iyọ̀ inú ọ̀sà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni omi òkun sì ń rí àyè wọlé padà. Mángúrófù kò kórìíra èyí. Omi odò tó ń pàdé omi òkun ni ó bá a lára mu jù lọ. Ìdí tún nìyẹn tí bí wọ́n ṣe ń ṣí omi ìdídò Ọ̀yán, tí wọ́n parí ní 1983, àti bí wọ́n ṣe ń tì í, fi kan àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ odò ju bí a ti rò lọ.

Kọ́síìkì sódà tí ẹ ń lò lágbára lóòótọ́, ìpalára rẹ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀ nítòsí, lára ẹja àti kòkòrò inú Sókorí àti lára ọwọ́ ẹni tó bá kàn án. Ṣùgbọ́n kí ó tó rin ìrìn rẹ̀ dé ọ̀sà Èkó, omi púpọ̀ yóò ti là á. Ohun tí kì í là ni ọ̀rá. Ọ̀rá omi mímu tí ọmọ iṣẹ́ yín mu tán tó sì jù sí gọ́tà kan náà yóò dé ọ̀sà bó ṣe wà, yóò wé mọ́ ọ̀gbìn mángúrófù tí kò tíì ju ìka mẹ́ta lọ, yóò fà á tu bí omi bá ti ń lọ tó ń bọ̀. Bí ó bá tẹ́ sórí gbòǹgbò onípẹ́ńsùlù wọ̀nyẹn, yóò dí imú igi náà. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan ni ẹ lè bá àwọn ọmọ iṣẹ́ yín wí lónìí, ẹ bá wọn wí lórí ọ̀rá.

Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ni wá ní Ọbántokò. A fẹ́ kó ènìyàn 40 lọ sí erékùṣù Tongeji láti gbin mángúrófù 5,000 ní ọjọ́ kan. A ti ń wá ẹni tí yóò bá wa ra aṣọ ẹgbẹ́ àti ọkọ̀. Ìmọ̀ràn wo ni ẹ ní fún wa?

Arákùnrin wa, èrò yín dára, mo sì gbà yín níyànjú pé kí ẹ má tíì ra aṣọ ẹgbẹ́. Ara etíkun díẹ̀ tí ìpínlẹ̀ Ògùn ní ni Tongeji, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì ń fi omi jẹun. Bí ẹ bá kọ́kọ́ lọ, ẹ lọ ní ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ má mú ọ̀gbìn kankan dání. Ẹ lọ kí baálẹ̀, ẹ jókòó ti àwọn apẹja àti àwọn obìnrin tó ń yan ẹja. Ẹ bèèrè ibi tí igbó wà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ìgbà tí ó lọ, àti ohun tó gbé e lọ. Ẹ ó rí i pé ohun tó gbé e lọ ló ń pinnu ohun tí ó lè dá a padà. Bí ó bá jẹ́ àáké ni, igi gbíngbìn kò wo àáké sàn. Bí ó bá jẹ́ epo ni, ilẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ tọ́jú: ní Bodo, ní ilẹ̀ Ògóni, níbi tí epo rọ̀bì ti tú sínú omi lẹ́ẹ̀mejì ní 2008, fífọ ẹrẹ̀ ló ṣáájú gbíngbìn. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ tàbí iyanrìn tí wọ́n rọ ló dí ojú omi, ẹ lè gbin 5,000 lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ ni yóò kú.

Mo ń sọ èyí nítorí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Lẹ́yìn omíyalé ńlá tó wáyé ní òkun Íńdíà ní oṣù Kejìlá 2004, owó ya wọ Sri Lanka láti gbin mángúrófù. Nígbà tí àwọn onímọ̀ padà lọ yẹ ibi 23 wò, mẹ́sàn-án nínú wọn kò ní igi kan ṣoṣo tó yè, ilẹ̀ tí iṣẹ́ náà ti yọrí sí rere kò sì ju bí ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo rẹ̀ lọ. Ní Philippines náà, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbin igi tí ìdá kan sí méjì nínú mẹ́wàá rẹ̀ péré ń yè. Ohun tó fà á kò ṣòro láti rí. Ilẹ̀ tí mángúrófù ti ń hù tẹ́lẹ̀ sábà máa ń ní olówó tó ti gbà á, nítorí náà ẹrẹ̀ gbalasa tó wà níwájú, tí kò ní olúwa, ni wọ́n ń gbin ọ̀gbìn sí. Ibẹ̀ rọrùn láti tò wọ́n sí, fọ́tò rẹ̀ sì máa ń dára. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ náà lọ sísàlẹ̀ jù, omi ń bò ó pẹ́ jù, bí mángúrófù bá sì lè hù níbẹ̀ ni, ì bá ti hù síbẹ̀ fúnra rẹ̀ láti ayébáyé.

Nítorí náà, ẹ wo ibi tí ọ̀gbìn ti ń wá fúnra rẹ̀. Igi mángúrófù onígbòǹgbò alákàn yìí kì í jẹ́ kí èso rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ kí ó tó hù. Orí igi ni ọmọ rẹ̀ ti ń hù, tí yóò máa rọ̀ sílẹ̀ bí ẹ̀wà gígùn aláwọ̀ ewé, tí yóò wá já bọ́ sínú omi tí omi yóò sì gbé e lọ. Bí ẹ bá rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ púpọ̀ tó ti dúró tó ti yọ ewé méjì mẹ́rin, ibẹ̀ kò nílò ẹni tí yóò gbin igi, ẹni tí yóò ṣọ́ ọ ni ó nílò. Bí wọ́n bá ń wá ṣùgbọ́n tí wọn kò dúró, omi ni kí ẹ yẹ̀ wò. Robin Lewis, ará Florida tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí, ló tẹnu mọ́ ọn jù pé kí a kọ́kọ́ la ojú omi padà. Ní West Lake ní Florida, wọ́n kó ilẹ̀ tí wọ́n ti rọ dà síbẹ̀ kúrò, wọ́n jẹ́ kí omi òkun máa wọlé kó máa jáde bó ti yẹ, igi sì wá fúnra rẹ̀. Ṣọ́bìrì ló ṣe iṣẹ́ níbẹ̀ ju ọ̀gbìn lọ.

Ìgbà tí ọmọ igi kò bá rí ọ̀nà dé ibẹ̀ rárá ni gbíngbìn ní àǹfààní. Bí ó bá wá di dandan, ẹ jẹ́ kí àwọn ará ibẹ̀ fi bí wọ́n ṣe ń mú èyí tó gbó hàn yín: ìbọ̀rùn kékeré kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú máa ń yọ láàárín èso àti ọmọ rẹ̀, bí ẹ bá sì fọwọ́ kàn án, yóò já wọ́ọ́rọ́wọ́. Orí ṣóńṣó ló ń lọ sínú ẹrẹ̀, bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan. Mo ti gbọ́ nípa àwọn tó dojú rẹ̀ dé, ẹ má rẹ́rìn-ín wọn. Ẹ sì ṣọ́ra fún ọ̀pẹ nípà, tó jọ ọ̀pẹ tí a mọ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní igi lórí ilẹ̀. Láti Singapore ni wọ́n ti gbé e wá sí Kàlàbá ní 1906, ó sì ti gba ilẹ̀ mángúrófù púpọ̀ láti ìgbà náà. Kò ní gbòǹgbò tí ọmọ ẹja lè sá sí abẹ́ rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ igi ìdáná, èyí tí àwọn ẹgbẹ́ tó ń lọ láti ìgboro kì í fẹ́ gbọ́. Igi mángúrófù ń jó pẹ́, iná rẹ̀ le, èéfín rẹ̀ sì ń fún ẹja ní àwọ̀ tí oníbàárà fẹ́. Obìnrin tó ń gé e kò ṣe é nítorí àìgbọ́n, ọ̀nà àtijẹ rẹ̀ ni. Bí ẹ bá ní kí ó má gé e mọ́, kí ni yóò fi yan ẹja lọ́la? Ààrò Chorkor, tí wọ́n ṣe ní abúlé apẹja kan ní Accra ní orílẹ̀-èdè Gánà, kì í jẹ igi tó ààrò ayébáyé, nítorí pé pẹpẹ onípákó ni wọ́n ń tò léra wọn lórí iná kan ṣoṣo. Lójú tèmi, bí owó aṣọ ẹgbẹ́ 40 yín bá lè kọ́ irú ààrò bẹ́ẹ̀ méjì, ẹ ti dá igi púpọ̀ sí kí ẹ tó gbin ẹyọ kan. Kí àwọn obìnrin náà ní ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ tí yóò pinnu ibi tí a kò ní gé mọ́, kí ìgbìmọ̀ náà sì jẹ́ tiwọn, kí ẹ̀yin jẹ́ àlejò wọn. Ẹ̀yin yóò padà sí Ọbántokò ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ni yóò wà níbẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá gbé àáké dé lóru.

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Mo gbọ́ pé òyìnbó ń sanwó fún àwọn tó ní mángúrófù. Ṣé kì í ṣe ẹ̀tàn?

Bàbá wa, kì í ṣe ẹ̀tàn nígbà gbogbo. Ní ẹ̀bá òkun Gazi ní Kẹ́ńyà, àwọn ará abúlé Gazi àti Makongeni ń tọ́jú hẹ́kítà 117 mángúrófù lábẹ́ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Mikoko Pamoja, tó túmọ̀ sí mángúrófù pọ̀ lápapọ̀ ní èdè Swahili. Láti 2013 ni wọ́n ti ń ta kábọ́ọ̀nù (ohun inú afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná) tí igi wọn fà mọ́ra, bí tọ́ọ̀nù 3,000 lọ́dún, ìgbìmọ̀ abúlé ló sì ń pinnu ìnáwó rẹ̀: omi ẹ̀rọ, ilé ẹ̀kọ́, ìwé àwọn ọmọ. Wọ́n gba ẹ̀bùn Equator ti àjọ ìdàgbàsókè Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 2017. Owó náà kì í ṣe èyí tó ń sọ ènìyàn di ọlọ́rọ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ìwádìí àti ìgbìn ló sì ṣáájú rẹ̀.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ẹni tó ń ra kábọ́ọ̀nù kì í ka ẹja. Igi irú kan náà tí a tò ní ìlà gbọọrọ bí oko ọ̀pẹ lè fa kábọ́ọ̀nù dáadáa, kó má sì ní ojú omi tí ọmọ àkùràkudà lè gbà wọlé. Kí ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìwé wá fún ìbuwọ́lù nípa ojú omi náà, kí ẹ tó bèèrè iye owó.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Bí a bá tún ilé ìtọ́mọ ṣe, ṣé àkùràkudà yóò pọ̀ sí i? Ọdún mélòó ni yóò gbà?

Ọmọ wa, o ṣeun. Ilé ìtọ́mọ nìkan kò tó, àwọn onímọ̀ kan sì ti kìlọ̀ gidigidi pé kí a má ṣe rò pé ó tó. Ìdí ni pé àkùràkudà kì í yára dàgbà. Àkùràkudà lẹ́mọ́ọ̀nù ń lé ní ọdún méjìlá kó tó bímọ, ó ń gbé oyún fún bí ọdún kan, ọmọ rẹ̀ kì í sì pọ̀ bí ti ẹja ṣawa tó ń da ẹyin rẹpẹtẹ sómi. Bí àwọ̀n bá gbé ìyá kan lórí òkun, gbogbo ọmọ tí ì bá bí fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó bá a lọ. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2021 fi hàn pé láàárín 1970 sí 2018, àkùràkudà ojú agbami àti àwọn ẹbí wọn dínkù ní ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹja pípa ju bó ti yẹ lọ ló sì fà á, kì í ṣe àìsí mángúrófù. Ní ilẹ̀ wa, òfin ẹja òkun ti 1992 kò gba ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n láyè láàárín máìlì òkun márùn-ún sí etíkun. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn aboyún ń gbà kọjá lọ bímọ, nítorí náà pípa òfin yẹn mọ́ ni ìdajì kejì iṣẹ́ yìí.

Ní ti iye ọdún: ibi tí omi bá ti ń lọ tó ń bọ̀ dáadáa, gbòǹgbò mángúrófù lè bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ kọ́ ara wọn láàárín ọdún mélòó kan, alákàn àti ọmọ ẹja kì í sì í dúró de ìpè kí wọ́n tó wá. Ti àkùràkudà yàtọ̀. Ní Bimini, wọ́n gé díẹ̀ lára lẹbẹ ọmọ àkùràkudà lọ́dọọdún, wọ́n sì fi mọ ìyá wọn. Wọ́n rí i pé ó kéré tán, abo mẹ́fà tí a bí síbẹ̀ láàárín 1993 sí 1997 padà wá bímọ sí ibi tí a bí àwọn náà sí, lẹ́yìn ọdún 14 sí 17. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ Ọbántokò tó kọ̀wé sí wa bá bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, ọ̀dọ́ ẹni ogún ọdún inú wọn yóò ti lé ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kí ọmọ tó dàgbà lábẹ́ igi wọn tó padà wá bí tirẹ̀. Bá wa sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Tongeji, tí wọn kò ju ọdún mẹ́wàá lọ, wà nínú àwọn tí yóò máa ka iye igi, kí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.